Adùn Tó Bo Ọtí Mọ́lẹ̀

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti mọ̀ pé ọtí ju ọtí lọ, pé ẹmu tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní kùtùkùtù kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ti kan di ìrọ̀lẹ́, pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn kò ní agbára ògógóró tí a gbé kaná tí a sì gba ooru rẹ̀ sínú ìgò, àgbà tó bá sì jókòó ti agbè mọ ibi tó yẹ kí òun ti dá ọwọ́ igbá dúró. Ìtàn tí àwọn bàbá wa fi lé wa lọ́wọ́ nípa Ọbàtálá, òrìṣà ńlá, alábàáláṣẹ, ẹni tó ń mọ ojú tó ń mọ imú fún ọmọ aráyé, kò fi ọ̀rọ̀ náà bò rárá: ẹmu ló pa á lọ́jọ́ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n sí amọ̀, láti ọjọ́ náà ni ẹmu sì ti di èèwọ̀ fún àwọn tó ń bọ ọ́. Bí ọtí bá lè ṣe àgbà òrìṣà bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí á bèèrè ohun tí yóò ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó gbé ìgò bíà olómi-ọsàn sẹ́nu lẹ́yìn ìsọ̀ kan ní Ṣangiṣa, tó sì rò pé mínírà ni òun ń mu.

Ṣangiṣa tí mo dárúkọ yìí wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màgódò, kò sì jìnnà sí Kétu àti sí ọjà Mile 12, ibi tí ata àti tòmátì ilẹ̀ Hausa ń gbà wọ inú ìkòkò àwọn ará Èkó. Àdúgbò ìdílé ni; ilé-ìwé wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò wọ́n níbẹ̀, ìsọ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ ilé sì gbójú lé fún ohun tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Nínú ìsọ̀ kan náà ni ẹ ó ti rí búrẹ́dì, ọṣẹ, súgà àti mílíìkì, fíríìjì onígíláàsì yóò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n to omi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n to mínírà sí àárín, tí wọ́n to bíà sí òkè, tí bíà àdàlù aláwọ̀ ọsàn àti aláwọ̀ ewé yóò sì dúró láàárín méjèèjì bí ẹni pé ìyekan wọn ni. Lókè orí, lára okùn tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà, ọtí inú ọ̀rá ń rọ̀ wálẹ̀, wọ́n so ó kọ́ra lẹ́yọ lẹ́yọ, bisikíìtì àti súwíìtì tí ọmọdé ń rà sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an.

Bíà àdàlù ni bíà tí wọ́n fi omi èso, súgà, egbòogi tàbí ohun mìíràn tó ń ta sánsán là. Àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ di olókìkí. Wọn a máa sọ pé ní ọdún 1922, ọlọ́tí kan tó ń jẹ́ Franz Xaver Kugler ní Deisenhofen lẹ́bàá ìlú Munich rí ọ̀wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ya bò ó lójijì, bíà rẹ̀ kò sì tó, ni ó bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ aládùn là á ní ìdajì-ìdajì, ó ní nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni òun ṣe é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú bí wọ́n bá ń padà sílé. Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ní 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgánmú, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Guinness náà ti ń pọn ọtí dúdú rẹ̀ ní Ìkẹjà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bíà tí ará Èkó mọ̀ korò, ìkorò yẹn sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún, nítorí ọmọ tó bá jí i tọ́ wò yóò fajú ro, yóò tutọ́ sílẹ̀, kò sì ní yà síbẹ̀ mọ́ títí tí yóò fi dàgbà. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti ọtí tuntun yìí, adùn ló ń ṣíwájú. Guinness gbé Orijin jáde ní 2013, ọtí elégbòogi tó dùn mọ́ àgbà mọ́ ọmọ lẹ́nu, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 6%. Nigerian Breweries gbé Star Radler olómi-ọsàn jáde, èyí tó jẹ́ 2%. Nígbà tó di 2021, Desperados tí wọ́n fún ní òórùn tequila dé, ó jẹ́ 5.9%. Ẹ̀ṣọ́ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Nǹkan méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ agbára ọtí wò, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í wo ju ẹyọ kan lọ, bí a bá tilẹ̀ wo ó. Èkíní ni nọ́ńbà kékeré tó wà lára bébà ìgò, èyí tó ń sọ iye tí ọtí pọ́nńbélé jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Èkejì ni bí ìgò náà ti gbà tó. Obìnrin tó ń ra ata ní Mile 12 mọ̀ pé kò sí ọgbọ́n nínú kí a gbọ́ iye owó apẹ̀rẹ̀ kí a má sì wo bí apẹ̀rẹ̀ náà ti tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọtí rí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ìgò ńlá tí a mọ̀ dáadáa ní Nàìjíríà gba 600 mílílítà. Bí Star, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5.1%, bá kún un, ọtí pọ́nńbélé inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 31 mílílítà. Bí ó bá jẹ́ Guinness dúdú tí ó jẹ́ 7.5% ni, ó di 45. Bí ó bá jẹ́ Orijin ni, ó di 36, èyí ni pé aládùn yìí ju Star tó korò lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi ahọ́n nìkan díwọ̀n yóò búra pé Star ló le jù. Bí ó bá wá jẹ́ Radler ni, 12 mílílítà péré ni, ẹni tó bá gbọ́ èyí lè mí kanlẹ̀ kí ó ní ohun tí kò tó nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀rá ọtí kan sílẹ̀ láti ara okùn tó wà lókè yẹn, èyí tó gba 30 mílílítà tí agbára rẹ̀ sì jẹ́ 42%, kí ẹ ṣírò òun náà: ọtí pọ́nńbélé inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12.6. Ọmọ tó mu ìgò ńlá Radler kan tán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mu odindi ọ̀rá ògógóró kan, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rá jó o lọ́fun, Radler kò jó o. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sábà máa ń kà sí ife ọtí kan ni gíráàmù 10 ọtí pọ́nńbélé, tí í ṣe nǹkan bí 12.7 mílílítà, nítorí náà Radler ńlá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife kan, Guinness ńlá kan sì tó ife mẹ́ta àti ààbọ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ pé, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì dá ṣáṣá, kì í lè ju nǹkan bí gíráàmù 7 sí 10 dànù ní wákàtí kan, omi tútù àti obì kò sì lè yá ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdàlù tí ilé-iṣẹ́ ṣe tilẹ̀ sàn díẹ̀, nítorí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Èyí tí a ń lú pọ̀ fúnra wa ló ṣòroó díwọ̀n. Ní ibi ìnáwó, ẹ ó rí ẹni tó da ìgò ọtí dúdú kan àti mọ́ọ̀tì kan sínú jọ́ọ̀gì, tó ń bù ú fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, tó sì ń sọ pé òun ti pa agbára rẹ̀. Kò pa nǹkan kan. Mọ́ọ̀tì mú kí ó fẹ́lẹ́ nínú ife, ṣùgbọ́n gbogbo ọtí tó wà nínú ìgò náà ti bọ́ sínú jọ́ọ̀gì, ẹni tó bá sì mu jọ́ọ̀gì tán ti mu ìgò tán. Bí ó bá jẹ́ ohun mímu amáradá olókafíìnì ni wọ́n fi là á, ó tún burú sí i, nítorí kafíìnì a máa la ojú ọ̀mùtí sílẹ̀ tí kò fi ní mọ̀ pé ọtí ti pa òun, títí tí yóò fi mu ju ohun tí ara lè gbé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àjọ FDA tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fi kọ ìwé ìkìlọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010 sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú àdàlù bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe Four Loko wà nínú wọn. Ti páràgà tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, láti Kétu dé Ọjọ́ta, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀ rárá: egbò, èèpo igi àti ògógóró ni, ife kékeré ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, agbára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó rẹ ẹ́ lánàá.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà pátápátá. Inú omi ara ni ọtí ń tàn sí, ọmọ tó sì wọn kílógíráàmù 35 kò ní omi ara tó bàbá rẹ̀ tó wọn 70. Ìgò kan náà tí bàbá mu tó kàn ń rẹ́rìn-ín, ìlọ́po méjì ni yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọtí a tún máa fa súgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé wálẹ̀, débi pé gìrì lè mú un, tàbí kí ó sùn lọ kí á má rí i jí, àwọn ará ilé yóò sì máa sọ pé ẹ jẹ́ kí ó sùn kí ó dá lójú rẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn kì í sì í parí ìdàgbàsókè rẹ̀ títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25, apá ibẹ̀ tó ń kó ni níjàánu ló sì máa ń gbẹ̀yìn. Àwọn àgbà tó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò kò sọ àsọdùn.

Kí ni òfin wí? Àmì 18+ wà lára ìgò, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, sì ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Àmì náà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti ń lọ lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ gbé ìgò òfìfo dání, ó kúnlẹ̀, ó ní:

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́ mà. Bàbá wa ní kí ẹ fún wa ní Star kan tó tutù, àti Radler kan fún àǹtí wa.”

Ìyá onísọ̀ kò bèèrè ọjọ́ orí. Ìgò ló bèèrè: “Ìgò ẹyọ kan lo mú wá, ìkejì dà?”

“Wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ mà, pé àárọ̀ ọ̀la ni màá mú un wá.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀rá dúdú wé ìgò méjèèjì, ọmọ dúpẹ́, ó lọ. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tó rò pé òun ń rú òfin, n kò sì lè bú ìyá náà, nítorí kò sí ohun tí ọmọ yìí ṣe tó yàtọ̀ sí ohun tí a kọ́ ọ ní ilé. Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Níbi tí òfin ti ń wo ẹni tó fọwọ́ gba ọtí, àṣà wa ń wo ẹni tó rán an, bàbá ló sì rán an, bàbá náà sì ti dàgbà. Inú àlàfo tó wà láàárín òfin àti àṣà yìí ni gbogbo ewu náà fara pamọ́ sí. Ọmọ tó ti ń ra ọtí fún bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò di ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́jọ́ kan, yóò wá síwájú ìyá onísọ̀ kan náà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ kan náà, yóò ní bàbá wa ní kí ẹ fún wa ní Radler, owó oúnjẹ ilé-ìwé ni yóò sì fi san án. Báwo ni ìyá ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò sí ẹni tó rán an lọ́jọ́ náà?

Nítorí náà, èrò tèmi, tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé rò wò, ni pé iṣẹ́ rírán yìí ló yẹ kí á kọ́kọ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bàbá tó bá fẹ́ mutí, kí ó dìde lọ rà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò korò létí àwọn àgbà kan, pé wọn yóò ní àwọn náà jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún bàbá wọn, ohunkóhun kò sì ṣe àwọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹmu ọjọ́ wọnnì wà nínú agbè, ọmọ kò lè gbé e pamọ́ sínú àpò ìwé, bíà ọjọ́ wọnnì sì korò.

Àwọn ìjọba pàápàá ti rí i pé ohun tó ṣeé fi pamọ́ ni ọmọdé ń rà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ìlera, àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọtí tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá àti ti inú ìgò tí kò tó 200 mílílítà yóò dópin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, NAFDAC kò forúkọ tuntun sílẹ̀ fún un mọ́, ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi agbára òfin tẹ̀ lé e lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, ọ̀gá àgbà àjọ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn, àwọn aṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún ọjọ́ náà síwájú di ìparí 2025. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní kí wọ́n má ṣe sún un mọ́, àríyànjiyàn kò sì tán síbẹ̀. Côte d'Ivoire ti fòfin de ọtí inú ọ̀rá ní 2016, Tanzania ní 2017, Uganda ní 2019. Ìwádìí tí NAFDAC ní kí wọ́n ṣe ní 2021 fi hàn pé ó lé ní ìdajì nínú àwọn ọmọdé tó ń mutí tó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló ń rà á. Ìròyìn yìí bà mí lọ́kàn jẹ́, nítorí kò sí ọmọ tó lè rà bí kò bá sí àgbà tó tà.

Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gé ọ̀rá kúrò lára okùn, ìgò aládùn ṣì wà nínú fíríìjì, òun gan-an ni a kò tíì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Jámánì, òfin gba ọmọ ọdún 16 láàyè láti ra bíà àti bíà tí wọ́n fi mínírà là, ṣùgbọ́n bí ọtí líle bá wọ inú àdàlù náà, ó di ti ọmọ ọdún 18, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí ọ̀tọ̀ lórí irú àdàlù bẹ́ẹ̀ ní 2004 nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó ń dà wọ́ ọ bí eṣú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Yorùbá tó ṣí ìsọ̀ ní Peckham mọ̀ pé Òfin Ìwé Àṣẹ ti 2003 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ọtí fún ẹni tí kò tíì pé 18, pé àwọn aláṣẹ lè rán ọ̀dọ́ kan wá dán òun wò, ìwé àṣẹ òun sì lè bọ́ lọ́wọ́ òun. Fún ìdí èyí, ọ̀pọ̀ wọn a máa bèèrè káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ kò bá jọ ti ọmọ ọdún 25. Ohun tó ń ṣọ́ ọmọ níbẹ̀ ni ìwé àṣẹ yẹn.

Àwa náà ní ìwé àṣẹ. Àfikún Kẹrin nínú Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi fífúnni ní àṣẹ láti ta ọtí, àti ìṣàkóso títà rẹ̀, sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò fi í sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Abùjá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í sí ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Aláúsá. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò ni, ti Kòsọ́fẹ́ àti ti Ìkòsí-Ìṣẹrí, àwọn tí òṣìṣẹ́ wọn ń wọ inú ìsọ̀ láti gba owó, tí wọ́n mọ ojú oníṣòwò, tí wọ́n sì mọ ilé-ìwé tó wà lẹ́yìn ìsọ̀. Kò gba owó kankan kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ náà pé ọtí kò gbọdọ̀ wà nínú fíríìjì kan náà pẹ̀lú mínírà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ súwíìtì, pé a kò gbọdọ̀ fi í lé ọmọdé lọ́wọ́, ì báà jẹ́ bàbá rẹ̀ ló rán an, àti pé ẹni tó bá rú èyí lẹ́ẹ̀mejì kò ní ta ọtí lọ́dún náà mọ́. Ìyá onísọ̀ yóò wá ní ohun tí yóò dì mú nígbà tí oníbàárà rẹ̀ bá bínú. Yóò lè sọ fún ọmọ náà pé, “Lọ sọ fún bàbá yín pé mo ti gbé e sínú yìnyín dè wọ́n, kí wọ́n wá gbà á fúnra wọn,” bàbá náà yóò sì mọ̀ pé ìwé àṣẹ tó wà lára ògiri ló sọ ọ́, pé ìyá náà kò rí òun fín.